Láti Ọbáléńdé dé Asawase: Èbúté Ló Bí Bárékè Kumasi

Kumasi kò ní òkun. Láti ibẹ̀ dé etí omi ní Cape Coast lé ní 200 kìlómítà, igbó kìjikìji sì ni ọ̀nà náà nígbà tí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Síbẹ̀, ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ tírótíró ní Kejetia, tó dojú kọ Adum, kò ní rìn jìnnà kó tó kan odi kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bárékè Uaddara. Odi náà jọ ti etíkun tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí èèyàn á fi rò pé omi ti ṣàn dé ibẹ̀ rí, tó wá fà sẹ́yìn, tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn, ilé ìṣọ́ roboto wà ní igun rẹ̀, ihò tóóró tí ẹnu ìbọn ń gbà yọ sì wà lára rẹ̀. Yàrá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń ti àwọn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún mọ́. Bí wọ́n bá pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Musíọ́mù àwọn ológun ni odi náà lónìí. Bí arìnrìn-àjò bá wá kẹ̀yìn sí i, tó gba ìhà ìlà-oòrùn, ìrìn rẹ̀ kò ní tó wákàtí kan kó tó dé Asawase. Níbẹ̀, èdè Hausa àti èdè Twi jọ ń dìje lẹ́nu ọmọdé, ìpè àdúrà ń ti mọ́sálásí kan bọ́ sí òmíràn, wáákyé sì ti ń hó lórí iná láti ìdájí. Kò sí ohun tó jọ odi ní gbogbo àdúgbò náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé odi yẹn àti Asawase, ọmọ ìyá ni wọ́n, èbúté sì ni ìyá tó bí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn bárékè, kó má wo ògiri nìkan. Kó wo àwọn tí wọ́n kó wá ṣọ́ ògiri náà, kó sì béèrè ibi tí ìyàwó àti ọmọ wọn sùn sí.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nílé wa, ní Èkó. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló da ìbọn bo Èkó ní ìparí ọdún 1851, àwọn náà ló sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nígbà tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ ìlú náà di tiwọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Ìjọba tó bá gba ìlú látojú omi, ibi tí omi mọ ni agbára rẹ̀ mọ. Àgbá inú ọkọ̀ kò lè ró dé Ìjẹ̀bú Òde, ká má tiẹ̀ sọ Ìbàdàn. John Hawley Glover, tó di alákòóso Èkó, mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọ̀gá nínú iṣẹ́ ogun ojú omi ni òun fúnra rẹ̀. Ó wà nínú àwọn tí ọkọ̀ Dayspring fọ́ mọ́ lórí lẹ́bàá Jẹ́bà ní 1857, ó sì ti ọ̀hún fẹsẹ̀ rìn wá sí Èkó, àwọn Hausa kan tẹ̀ lé e. Ní 1863, irú wọn ló kó jọ di ẹgbẹ́ ológun. Ta sì ni wọ́n? Ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn, ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n wá fi ara pamọ́ sábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì. Inú bí àwọn ìjòyè ilẹ̀ Yorùbá gidigidi, ẹni tí wọ́n fowó rà ni Glover ń gbé ìbọn lé lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ìwé bá pè wọ́n ní ọmọ ogun Hausa, kí ẹni tó ń kà á má ṣe tètè gbà. Ọ̀pọ̀ wọn ti jẹ iyán wa yó, wọ́n gbọ́ èdè wa, Yorùbá pọ́ńbélé sì wà láàárín wọn. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ọdún 1863 yìí ló ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ ogun tí kò ní ìlú, níbo ni yóò sùn? Inú ìbéèrè yìí ni ìtàn bárékè wà látòkèdélẹ̀. Ṣọ́jà nìkan kọ́ ló ń wá. Ìyàwó wà, ọmọ wà, àáfà tó ń kọ́ ọmọ ní kéú wà, obìnrin tó ń ta túwó wà, alápatà wà, ẹni tó ń yáni lówó kí oṣù tó parí náà kò gbẹ́yìn. Bárékè kò gba gbogbo wọn, ìta rẹ̀ ni wọ́n ń tò sí. Báyìí ni Ọbáléńdé ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Èkó: ọwọ́ àwọn ṣọ́jà Hausa àti ìdílé wọn ni ìtàn àdúgbò náà ti ṣẹ̀ wá, orúkọ rẹ̀ sì ń sọ fúnra rẹ̀ pé ọba, ìyẹn ìjọba, ló lé wọn dé ibẹ̀. Bárékè Dodan, tí àwọn olórí ológun ti ṣàkóso Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì ju ìtòsí ibẹ̀ lọ. N kò tíì rí orúkọ àdúgbò mìíràn tó sọ ìwà bárékè sí ìlú ní ṣókí tó báyìí: ó pe èèyàn wá, kò fún wọn nílé, nígbà tí ilẹ̀ ibi tí wọ́n wà wá di ọ̀wọ́n, ó lé wọn síwájú. Ẹ fi Ọbáléńdé sọ́kàn bí a ti ń lọ sí Kumasi, nítorí ọ̀nà omi ni wọ́n gbà gbé e lọ síbẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1873, Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun ti Asante. Ọ̀gágun Wolseley gúnlẹ̀ sí Cape Coast, ó la igbó kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tó kó ti Ìlú Ọba wá, àwọn atukọ̀ ogun náà sì wà nínú àwọn tó bá a rìn. Wọ́n wọ Kumasi ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1874, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì fi ẹ̀tù fọ́ ilé òkúta ńlá tí Asantehene Osei Bonsu kọ́ parí ní nǹkan bí 1822. Aban ni wọ́n ń pe ilé náà. Nínú èdè Twi, odi òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí, ìjọba náà sì ni. Ọba náà ti gbọ́ ìròyìn odi àwọn òyìnbó létíkun, ó kọ́ tirẹ̀ sáàárín igbó, èrò rẹ̀ pé ẹni tó ní odi ló ní ìjọba kò sì yàtọ̀ sí tiwọn. Ó dùn mí pé èyí tí ọmọ onílẹ̀ kọ́ ni wọ́n wó, tó fi jẹ́ pé èyí tí àlejò kọ́ nìkan ló kù tí à ń lọ wò. Ní ìhà kejì, Glover ti kó àwọn Hausa àti Yorùbá láti Èkó sínú ọkọ̀, ó gba Ada lẹ́nu odò Volta wọlé, ó sì la Kumasi tó ti di eérú kọjá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Ìyẹn ni pé ṣọ́jà tó ń sọ Yorùbá ti tẹ ilẹ̀ Kumasi kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbé òkúta kan lé òkúta kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ológun Gold Coast Constabulary sílẹ̀ ní 1879, àwọn Hausa tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1896, Gẹ̀ẹ́sì padà wá, wọ́n mú Asantehene Prempeh I láìsí ogun, wọ́n gbé e lọ sí Elmina, láti Elmina sí Sierra Leone, láti Sierra Leone sí erékùṣù Seychelles, kò sì fojú kan ilé mọ́ títí di 1924. Láàárín 1896 sí 1897 ni wọ́n kọ́ odi tó wà níbẹ̀ dòní. Ọba gba ojú omi lọ, odi gba ojú omi bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀ odi náà ní 1900 ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún náà, Gómìnà Frederick Hodgson bá àwọn Asante sọ̀rọ̀ ní Kumasi, ó ní kí wọ́n gbé Àpótí Wúrà wá fún òun kí òun jókòó lé e. Ẹni tó bá mọ ohun tí àpótí náà jẹ́ fún Asante á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní lọ lásán. Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, gbé ogun dìde, kí oṣù Kẹrin sì tó parí wọ́n ti yí odi ká. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun Lagos Constabulary tí Aplin kó wá já wọ ibẹ̀ lẹ́yìn ìjà kíkorò. Inú odi ni gómìnà, ìyàwó rẹ̀, àwọn òyìnbó ajíhìnrere àti àwọn ṣọ́jà wà. Ìta odi ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn oníṣòwò Hausa àti Fante, àwọn ará Zongo, obìnrin tó pọnmọ, arúgbó tó gbé ẹní, gbogbo wọn sá wá sábẹ́ ògiri, wọ́n ń bẹ̀ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fáwọn. Wọn kò ṣí i. Wọ́n sùn ti ògiri lóde, nínú òjò, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí pa wọ́n kú. Bísíkíìtì àti ẹran inú agolo ni àwọn tó wà nínú odi ń jẹ, wọ́n ń wọ̀n ọ́n jẹ ni, títí tí ìyẹn náà fi fẹ́ tán. Ìyàwó gómìnà kọ ìwé nípa ìsémọ́ náà, ó jáde ní 1901, ó sì sọ nípa àwọn èèyàn lẹ́yìn ògiri yẹn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, gómìnà jà jáde pẹ̀lú nǹkan bí 600 ọmọ ogun, ó fi nǹkan bí 100 sílẹ̀ láti ṣọ́ odi. Ọjọ́ 15 oṣù Keje ni Willcocks tó dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun West African Frontier Force, Hausa àti Yorùbá láti ọ̀dọ̀ wa sì wà nínú wọn. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọwọ́ tó ti Èkó àti Jẹ́bà wá wà lára ìdí tí odi náà kò fi bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àlejò tí odi náà fà wá ni òfò rẹ̀ sì já lé lórí.

Ẹni tó mọ ìtàn Asante á ní mò ń fi ìbọn bo obì mọ́lẹ̀, pé òwò ló kó Hausa àti Yorùbá dé Kumasi, kì í ṣe ogun. Apá kan òótọ́ wà nínú èyí. Òwò obì ti pẹ́ kí odi tó wà. Gbàǹja tí a ń fi ṣe ìsọmọlórúkọ àti ìyàwó, orúkọ ilẹ̀ Gonja ló wà lára rẹ̀, ilẹ̀ tí ọjà Salaga wà. Nígbà tí Bowdich, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, dé Kumasi ní 1817, ó bá àwọn Mùsùlùmí lọ́dọ̀ ọba, tí ọba ń gba ìmọ̀ràn àti tírà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ibi tí Hausa tó ń wá obì ń dúró sí láyé ìgbà náà. Salaga ni. Àwọn ọba Asante kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ wá ra obì nídìí igi, nítorí ẹni tó bá ti mọ oko tán, kò ní bẹ alágbàtà mọ́. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n gbà láàyè ní Kumasi, àlejò ọba ni wọ́n, ọwọ́ ọba ni wọ́n sì ń wò. Ìgbà tí odi dé ní 1896 ni ìdènà yìí wó lulẹ̀, tí oníṣòwò fi ń kọjá Salaga wá sí Kumasi gan-an, tí ibùdó wọn wá di àdúgbò. Zongo tí wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Hausa ni fún ibi tí àwọn èrò ọ̀nà ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Obì ló pè wọ́n, n kò jiyàn. Odi ló ṣí ìlú fún wọn, tó wá ti ara rẹ̀ mọ́ wọn.

Mo gbà pé bí èèyàn bá fẹ́ wo bárékè ìlú èbúté ní ojúlówó, Sekondi àti Takoradi ló yẹ kó lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Ghana ní ibùdó wọn ní ìhà ìwọ̀-oòrùn látìgbà tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1959, ibẹ̀ náà ni Bárékè Myohaung wà fún àwọn ti orí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èbúté tí kò ní ìlú tó ń kó ẹrù wá fún un, omi lásán ni. Ní 1898 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Sekondi, wọ́n gbé e kọjá Tarkwa àti Obuasi nítorí wúrà, ó sì wọ Kumasi ní 1903, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìsémọ́ náà. Ìjọba tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa nínú odi kò tún fẹ́ kí ohunkóhun wà láàárín òun àti ọkọ̀ òun. Láti ìgbà náà lọ, kòkó àti gẹdú ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun, ṣọ́jà, ìbọn àti sìmẹ́ǹtì ń gòkè bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí èbúté ńlá Takoradi ní 1928, Kumasi ló jẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé bárékè Kumasi, bárékè èbúté ni. Ẹnubodè ló yàtọ̀.

Ọ̀nà láti odi lọ sí Asawase gba àárín Zongo àtijọ́ kọjá, ibẹ̀ sì ni Ọbáléńdé ti tún yọjú. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Kumasi. Zongo, tí èèyàn há mọ́ra sí, ni ìjọba kọjú sí: wọ́n wó ilé, wọ́n la títì, wọ́n tún ilẹ̀ pín, nígbà tó sì di 1925 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìlera ìlú kalẹ̀ láti máa ṣàkóso irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká síta, sí àwọn zongo tuntun àti Aboabo. Ní àwọn ọdún 1940, ìjọba tún dé pẹ̀lú ohun tí wọn kò ṣe rí fún wọn: wọ́n kọ́ ilé. Asawase ni. Wọ́n to ilé kéékèèké ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, yàrá wọn kò ju ara wọn lọ, òṣìṣẹ́ ló sì wà fún, owó ilé rẹ̀ ń lọ sápò ìjọba. Ẹni tó bá ti dé bárékè rí kò nílò kí wọ́n sọ fún un ibi tí àpẹẹrẹ náà ti wá. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ìwọ̀nyí kì í ṣe ilé ṣọ́jà, pé Asawase fi nǹkan bí 50 ọdún kéré sí odi. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ara bárékè ni ìjọba amúnisìn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní ilẹ̀ baba síbì kan: fa ìlà, ka yàrá, kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Ìlà yẹn ṣì hàn lórí ilẹ̀ Asawase bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn. Ohun tó bo ìlà náà ni ti àwọn ará ibẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fà jáde, ìsọ̀ tó gun ògiri, yàrá tí bàbá fi kún un nígbà tí àkọ́bí gbéyàwó, agbada àkàrà tó gba ojú ọ̀nà tí ìjọba fi sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Ẹ wo orúkọ bárékè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà pẹ̀lú. Uaddara kì í ṣe ọ̀rọ̀ Twi, kì í ṣe Hausa. Ìlú kékeré kan ní Ethiopia ni, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gold Coast ti bá Ítálì jà ní oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún ọdún 1941. Kamina, orúkọ bárékè Tamale, ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì Jámánì ní Togo ni, tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Nínú ogun Togo yẹn ni Alhaji Grunshi, ṣọ́jà Gold Coast, ti yin ìbọn tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ látọ̀dọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun àgbáyé kìíní. Myohaung ti Takoradi, Burma ni, Yábàá ní Èkó sì ní tirẹ̀. Arakan wà ní Accra, ó wà ní Àpápá. Letmauk, Burma náà ni, ló wà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, Sábó kò sì jìnnà sí i. Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi èyí ṣe, pé ìgbéraga amúnisìn lásán ló wà nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. N kò rí i bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn tó kú ní Uaddara, èèyàn dúdú ni wọ́n, ó sì tọ́ kí ògiri rántí wọn. Ohun tí mo ń bá ògiri náà jà lé lórí ni pé ó kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti kú, kò kọ orúkọ ibi tí wọ́n gbé. Àríwá ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú wọn, Hausa ni èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ ogun láìka ìlú tí kálukú ti wá sí, nígbà tí ogun sì parí, ọ̀pọ̀ kò padà sí abúlé, ìlú bíi Kumasi ni wọ́n wá yàrá sí. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Sergeant Adjetey, Corporal Attipoe àti Private Odartey Lamptey ní Accra ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, nítorí pé àwọn tó ti jagun rí ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn, rògbòdìyàn náà ràn dé Kumasi. Kumasi náà sì ni Kotoka ti ń darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó fi gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 1966.

Àtakò kan ṣẹ́ kù tó wúwo ju gbogbo èyí tó kọjá lọ. Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn tí mò ń sọ yìí, ewu ni fún àwọn ará Zongo. Bí a bá ti ń wí pé ẹ̀yìn odi amúnisìn ni wọ́n bá wọ ìlú, ṣé a kò ti fún àwọn tó ń pè wọ́n ní àjèjì ní igi tí wọ́n á fi nà wọ́n? Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó lọ. Àwọn èèyàn Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbòho tí ìsọ̀ wọn wà ní ọjà Kumasi, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Alata, tí ọṣẹ dúdú wọn ṣì ń jẹ́ alata samina lẹ́nu àwọn Asante dòní, fi ilé, gbèsè àti ọjà sílẹ̀. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ fún àwọn ará Ghana ní 1983, àpò tí wọ́n fi kó ẹrù náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa títí di ìsinsìnyí. Ìtàn tí mò ń sọ, òdìkejì àṣẹ yẹn ló jẹ́ ẹ̀rí fún. Bí wíwá pẹ̀lú odi bá sọ èèyàn di àjèjì, a jẹ́ pé àjèjì ni ojú irin, àjèjì ni èbúté, àjèjì ni ààlà Ghana fúnra rẹ̀, nítorí ọwọ́ kan náà ló ṣe gbogbo wọn. Àwọn tó sùn ti ògiri nínú òjò ní 1900 ti san owó ìgbélùú wọn kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtitẹ ìwé ìgbélùú. Àwọn tó kú lórúkọ Gold Coast ní Ethiopia àti Burma náà sì ti san án. Bí ìjọba bá sì máa lé ẹnìkan lọ, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó pè é wá.

Àwa Yorùbá náà ní láti gba tiwa. Ó rọrùn fún wa láti ka 1969, ká sunkún pé wọ́n lé wa. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti ka 1874 àti 1900, ká gbà pé ìbọn wà lọ́wọ́ tiwa náà nígbà tí wọ́n ń sun ìlú Asante, tí wọ́n sì ń dá odi tí wọ́n kọ́ lé e lórí sí. Inú ìtàn kan náà la ti jẹ́ ẹni tó ń léni àti ẹni tí wọ́n lé, n kò sì rò pé ó yẹ ká yan èyí tó wù wá.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ìdílé tí bàbá tàbí bàbá àgbà wọn ti Kumasi dé ní 1969. Àpótí kan kò ní ṣaláì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí àjà. Ẹ ṣí i. Ẹ lè bá ìwé tí wọ́n fi dá ṣọ́jà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, rìsíìtì owó ilé ní Asawase, tàbí fọ́tò ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa àwọn ọmọ ogun Gold Coast. Kí àgbà tó mọ ojú ọkùnrin náà tó lọ, ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò tó gbé, kí ẹ sì fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà.